Ọmọ Olùtúmọ̀ Sophocles Tó Sọ Ọ̀rá Inú Ọpọlọ Lórúkọ

Orí ìpara ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá ra ìpara kan tí owó rẹ̀ tó owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Ó gbé ike rẹ̀ wá bá mi lórí ibùsùn, ó ní kí n ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀ fún òun, kí n sì sọ fún òun bóyá ó máa bó òun. Ó gbà pé nígbà tó jẹ́ pé èdè ni mò ń kọ́, kò yẹ kí ọ̀rọ̀ kan wà láyé tí n kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Mo rí omi níbẹ̀, mo rí gílísẹ́ríìnì, mo rí ceramide, lẹ́yìn náà mo rí sphingosine tí wọ́n lẹ àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ kan mọ́ níwájú. Mo ní kó fún mi di ọjọ́ kejì.

Ọjọ́ kejì di oṣù mẹ́ta. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé ìdí, ẹnì kan ló jókòó síbẹ̀, ẹni náà kò sì jẹ́ kí n lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ pé orí bí a ṣe ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun ni mò ń kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi lé, ẹ ó mọ̀ pé bí mo bá rí ẹni tó sọ nǹkan lórúkọ, n kì í tètè kúrò lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ kẹ́mísítírì ara ènìyàn mọ ọkùnrin yìí dáadáa. Àwa tí a wà ní ẹ̀ka èdè ni a kò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ wa gan-an ló ṣe.

Wọ́n ti kọ́ gbogbo wa láti ọdún kìíní pé awọ yàtọ̀ sí àwọ̀. Ohùn àárín méjì ló wà lórí ti àkọ́kọ́, ohùn ìsàlẹ̀ méjì ló wà lórí ìkejì. Ọkùnrin yìí fi apá kan ayé rẹ̀ wá àwọ̀ kiri nínú ẹ̀jẹ̀, nínú ìtọ̀ àti nínú ẹyin adìẹ. Ó wá fi apá tó pọ̀ jù lọ wá ohun tó wà nínú ọpọlọ. Ti awọ kò fi bẹ́ẹ̀ kàn án. Síbẹ̀, ohun tó yọ jáde láti inú ọpọlọ ni àwọn ẹlòmíràn wá bá nínú awọ nígbà tó ti kú tipẹ́, níbi tó ti ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì tó ń po àwọ̀ ara wa pé kó máa dàgbà tàbí kó dáwọ́ dúró.

Johann Ludwig Wilhelm Thudichum ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1829 ni wọ́n bí i ní Büdingen, ìlú kékeré kan ní agbègbè Hesse, nígbà tí Jámánì kò tíì di orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo. Georg, bàbá rẹ̀, jẹ́ àlùfáà àti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí orúkọ bàbá náà wà títí di òní ni pé ó túmọ̀ àwọn eré oníṣe Sophocles láti èdè Gíríìkì sí èdè Jámánì. Ẹ má gbàgbé èyí o. Ọmọ olùtúmọ̀ ni. Inú ilé tí wọ́n ti ń yí ọ̀rọ̀ Gíríìkì wò níwá lẹ́yìn ló dàgbà sí.

Èyí tó lókìkí jù nínú àwọn eré Sophocles ni ti Oedipus, ọba tó pa bàbá rẹ̀ láìmọ̀. Gbogbo wa ló mọ ìtàn náà, torí òun ni Ọlá Rótìmí gbé wọ agbádá Yorùbá nínú The Gods Are Not to Blame, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Ifẹ̀ ní 1968. Ohun kan wà tí Rótìmí kò gbé wá. Nínú ìtàn àwọn Gíríìkì, Sphinx ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ìlú Thebes, ẹranko tó ní orí obìnrin àti ara kìnnìún. Àlọ́ àpamọ̀ ló máa ń pa fún ẹni tó bá ń kọjá. Ẹni tí kò bá mọ ìdáhùn, ó ti di oúnjẹ. Oedipus mọ̀ ọ́n, ìlú sì fi í jọba. Odéwálé ti Rótìmí kò pàdé ẹranko kankan. Ogun Ìkólú ló bá àwọn ará Kútújẹ́ jà kí wọ́n tó fi í jọba. N kò bá Rótìmí jà lórí ìyẹn. Mo kàn fẹ́ kí Sphinx náà wà lọ́kàn yín, torí a máa padà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ní 1847, Thudichum wọ yunifásítì Giessen láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Justus von Liebig wà níbẹ̀ nígbà náà, ẹni tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá láti ilẹ̀ òkèèrè kí wọ́n lè kọ́ kẹ́mísítírì lọ́wọ́ rẹ̀. Nǹkan tuntun tí Liebig ṣe ni pé ó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ wọ yàrá ìwádìí, kó fọwọ́ ara rẹ̀ da nǹkan pọ̀, kó sì wọn ohun tó bá kù. Ibẹ̀ ni ọmọkùnrin yìí ti kọ́ ohun tí kò fi sílẹ̀ mọ́ títí tó fi kú. Ó gbà pé bí o kò bá lè ya nǹkan sọ́tọ̀ kí o sì wọn ohun tó wà nínú rẹ̀, o kò tíì mọ̀ ọ́n, ohun yòówù kí o máa pè é.

Ọdún kejì tó wọlé ni rògbòdìyàn 1848 bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì. Ẹ̀yìn àwọn tó ń béèrè òmìnira ni Thudichum wà. Ní 1850 ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti tọ́jú àwọn tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun Schleswig-Holstein pẹ̀lú Denmark. Ó gboyè dókítà ní 1851, àmọ́ irú èrò tó ní nípa ìjọba kò jẹ́ kí ọ̀nà ṣí fún un nílé. Ní 1853 ó kó ẹrù rẹ̀, ó forí lé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógún ni. Ọdún kan péré ni ó fi jù mí lọ, mo sì rò ó wò bóyá n ó lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní Lọ́ńdọ̀nù ó ṣí ilé ìtọ́jú, ó fẹ́ Charlotte Dupré, ó bímọ, ó di ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1859. Iṣẹ́ dókítà ló ń bọ́ ọ, pàápàá ìtọ́jú etí, imú àti ọ̀fun. Ìwádìí ló ń fi ìyókù àkókò rẹ̀ ṣe. Ó kọ ìwé lórí ìtọ̀ ní 1858, ó kọ òmíràn lórí òkúta inú òróòro ní 1863. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ wọlé. Ó fẹ́ mọ ohun tó ń mú ìtọ̀ pọ́n, ó yọ ohun náà, ó sọ ọ́ ní urochrome, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ lórí iṣẹ́ náà. Ní 1867 ó fi ásíìdì líle tú àwọ̀ pupa inú ẹ̀jẹ̀, ó bá ohun kan tó máa ń tàn pupa bí iná bá kan án. Haematoporphyrin là ń pè é lónìí. Ní 1869 ó kíyè sí i pé ọ̀kan náà ni ìdílé àwọ̀ yíyẹ̀lò tó wà nínú ẹyin adìẹ, nínú ilé ẹyin màlúù àti nínú ọ̀pọ̀ ewéko, ó sì fi ọ̀rọ̀ Látìn tó túmọ̀ sí yẹ́lò sọ ọ́ ní luteine. Ẹ ti rí i pé ó ti ń sọ nǹkan lórúkọ tipẹ́ kó tó dé ìdí ọpọlọ.

Ẹni tó gbé e dé ìdí ọpọlọ ni John Simon, ọ̀gá dókítà ìjọba nígbà náà. Simon gbà pé kí ìjọba má kàn máa ka òkú nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn bá dé, kó ná owó láti mọ ohun tí àrùn ń ṣe nínú ara. Láti àárín ọdún 1860 ló ti ń fi owó ìjọba ran Thudichum lọ́wọ́. Ní 1865 St Thomas's Hospital fi í ṣe olórí yàrá ìwádìí kẹ́mísítírì tuntun wọn. Nígbà tí àrùn onígbáméjì kọlu Lọ́ńdọ̀nù ní 1866, ó wà lára àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n ṣe ìwádìí rẹ̀.

Èrò tí Thudichum ní lórí ọpọlọ rọrùn láti sọ, ó sì nira láti ṣe. Bí orí ènìyàn bá dàrú, ó lè jẹ́ pé májèlé kan ló ti inú ara fúnra rẹ̀ jáde tó lọ ba nǹkan jẹ́ nínú ọpọlọ. Ṣùgbọ́n ta ló máa mọ ohun tó bàjẹ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò mọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀? Ó ní òun máa kọ́kọ́ ka gbogbo ohun tó wà nínú ọpọlọ tó dá ṣáṣá, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó rò pé bó bá yá, dókítà máa lè fi ìyẹn wo àrùn ọpọlọ.

Ìyẹn ló fi bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọpọlọ. Ti màlúù láti ọ̀dọ̀ àwọn alápatà ló pọ̀ jù, ti ènìyàn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Títí tó fi parí, ọpọlọ tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá ju 1000 lọ. Ó máa bó awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bò ó kúrò, ó máa fọ ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ dànù, ó máa lọ̀ ọ́, ó máa rẹ ẹ́ sínú sípíríìtì, ó máa gbé e kaná, ó máa sẹ́ ẹ, ó máa jẹ́ kó tutù. Ohun funfun kan máa sọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ó máa fi iyọ̀ òjé ya èyí sọ́tọ̀ kúrò lára ìyẹn. Nígbà tó bá tán, ó máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fojú inú wo òórùn ilé náà. Nígbà tó yá, inú ilé rẹ̀ ní Kensington ló ti ń ṣe é, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ nítòsí.

Àwọn orúkọ wá ń jáde. Cephalin, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí orí. Cerebroside, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn fún ọpọlọ. Phrenosin, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún ọkàn tí ń ronú. Gbogbo èyí ṣe kedere. Bí a bá sọ ọmọ tí wọ́n bí lójú ọ̀nà ní Abíọ́nà, irú rẹ̀ náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi ásíìdì tú phrenosin, nǹkan mẹ́ta jáde. Ìkíní jẹ́ irú ṣúgà kan. Ìkejì jẹ́ ásíìdì ọ̀rá. Ìkẹta kò jọ ohun tí ẹnikẹ́ni tíì rí rí. Ó ní ìrù gígùn bí ti ọ̀rá, síbẹ̀ náítírójìn wà lára rẹ̀, ó sì ń hùwà bí àwọn ohun tó máa ń pa ásíìdì kú. Ṣé ọ̀rá ni àbí kì í ṣe ọ̀rá? Kí ló ń ṣe nínú ọpọlọ? Kò sí ìdáhùn.

Níbí ni ọmọ olùtúmọ̀ Sophocles ti rántí Sphinx. Ó sọ ohun náà ní sphingosine, ó sì ṣàlàyé fúnra rẹ̀ pé nítorí àlọ́ púpọ̀ tó pa fún olùwádìí ni òun ṣe fún un lórúkọ bẹ́ẹ̀. Nínú gbogbo orúkọ tó fún nǹkan, èyí nìkan ni kò sọ ibi tí nǹkan ti wá tàbí bó ṣe rí. Ó sọ ohun tí ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ kò mọ̀. Nínú àpilẹ̀kọ mi mo ti ka ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀rọ̀ tí àwọn ìgbìmọ̀ Yorùbá ṣẹ̀dá fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, bóyá èyí tó ń ṣàpèjúwe bí nǹkan ṣe rí tàbí èyí tó ń sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. N kò tíì rí ẹyọ kan tó fi àìmọ̀ ṣe orúkọ.

Ẹ má rò pé wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ní 1865 Oscar Liebreich ní Jámánì ti kéde pé ohun kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ọ̀rá inú ọpọlọ jẹ́, ó sì fún un ní orúkọ protagon, orúkọ tó dà bíi ti ẹni tó ń ṣíwájú ogun. Orúkọ náà dùn, ohun tó sọ rọrùn, àwọn ènìyàn sì gbà á. Thudichum ní irọ́ ni. Ó ní ẹni tó ń pe protagon ní ohun kan ṣoṣo dà bí ẹni tó rí ẹ̀fọ́ rírò tó pè é ní ewé kan (àfiwé tèmi ni o, òun kò jẹ ẹ̀fọ́ rírò). Ó fi hàn pé bí a bá ń fọ protagon lọ́nà tó yẹ, apá kan máa ya lọ pẹ̀lú fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, apá kejì máa kù láìní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì rárá. Èyí tó ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló sọ ní sphingomyelin. Èyí tí kò ní in ni àwọn cerebroside.

Ní 1879, Arthur Gamgee ní Manchester àti Blankenhorn tẹ ìwé jáde pé protagon wà digbí. Ìjà bẹ̀rẹ̀. Àárín òun àti Felix Hoppe-Seyler, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ìmọ̀ yìí ní Jámánì, náà kò gún. Ó yẹ kí n sọ òtítọ́ níbí. Thudichum kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́. Bí ó bá rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn, ó máa tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú orúkọ onítọ̀hún, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ń ta bí ata. Àwọn tó bú kò gbàgbé. Ohun mìíràn tún dá kún un: inú ìwé ìròyìn ọdọọdún ìjọba ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ti jáde, láàárín ọ̀rọ̀ àjẹsára àti omi ẹlẹ́gbin, níbi tí onímọ̀ kẹ́mísítírì kì í dé. Bí ẹnì kan bá kó iṣẹ́ tó dára jù lọ láyé rẹ̀ pamọ́ sínú fáìlì ìjọba, kí ló fẹ́ kí àwọn ènìyàn ṣe? Ó gbìyànjú láti dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀, Annals of Chemical Medicine. Ìdìpọ̀ méjì péré ló jáde.

Simon ti kúrò nípò ní 1876. Ẹni tó ń gbèjà rẹ̀ níwájú ìjọba kò sí mọ́.

Láàárín gbogbo èyí, ó kọ ìwé ńlá lórí wáìnì pẹ̀lú August Dupré, ẹbí ìyàwó rẹ̀, ní 1872. Ní 1895 ó kọ ìwé lórí oúnjẹ sísè, The Spirit of Cookery. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹlòmíràn tó ń jẹ́ orúkọ kan náà ni. Ọkùnrin tó fi ogún ọdún se ọpọlọ nínú sípíríìtì, òun náà ló wá ń kọ́ àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù bí a ṣe ń se ọbẹ̀.

Ìwé tó kó gbogbo iṣẹ́ ọpọlọ náà pọ̀, A Treatise on the Chemical Constitution of the Brain, jáde ní 1884. Àwọn tó kà á kò pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gbà á gbọ́. Ó tún un kọ ní èdè Jámánì, èdè ìyá rẹ̀, ó fi ohun tuntun kún un. Ó jáde ní ọdún 1901. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn gan-an ni ó kú ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ẹni ọdún méjìléláàádọ́rin, nígbà tí protagon ṣì wà nínú ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 1907, Otto Rosenheim àti Christine Tebb ní Lọ́ńdọ̀nù yẹ protagon wò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde pé kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àdàpọ̀ ni, bí òun ṣe wí. Ní 1929 Ernst Klenk ka kábọ̀nù inú sphingosine, ó bá 18. Thudichum ti kọ 17. Ẹ̀rọ tó ní kò ju ìwọ̀n, iná àti ojú lọ. Ní 1947 Herbert Carter ní Amẹ́ríkà wá parí àwòrán bí sphingosine ṣe rí, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ sì mú orúkọ náà gbòòrò, wọ́n fi pe gbogbo ìdílé ọ̀rá tó ní sphingosine nínú ní sphingolipid. Ní 1958 David Drabkin kọ odindi ìwé nípa ìgbésí ayé rẹ̀.

Ìyẹn yanjú bó ṣe rí. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni kò tíì yanjú. Fún ọ̀pọ̀ ọdún wọ́n gbà pé bíríkì lásán ni àwọn ọ̀rá wọ̀nyí, ohun tí wọ́n fi kọ́ ògiri sẹ́ẹ̀lì. Ní 1986 Yusuf Hannun àti Robert Bell pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà rí i pé sphingosine lè dá púrótéènì kan dúró, èyí tó jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó ń gbé àṣẹ kiri inú sẹ́ẹ̀lì. Bíríkì kì í dá ẹnikẹ́ni dúró. Ní 1991 Sarah Spiegel àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi hàn pé bí sẹ́ẹ̀lì bá lẹ fósífétì kan mọ́ sphingosine, ohun tó dà, ìyẹn sphingosine-1-phosphate, máa ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pọ̀ sí i. Ìránṣẹ́ ni ọ̀rá yìí. Mélòó kan nínú wọn tiẹ̀ ń jáde kúrò nínú sẹ́ẹ̀lì kan lọ kanlẹ̀kùn òmíràn.

Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe jẹ́ ẹbí. Ceramide ni sphingosine tí ásíìdì ọ̀rá so mọ́. Já ásíìdì ọ̀rá náà kúrò, sphingosine ló kù. Fi fósífétì sí i, ó di sphingosine-1-phosphate. Èyí àkọ́kọ́ sábà máa ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó dúró, tàbí kó kú pàápàá. Èyí ìkẹyìn sábà máa ń sọ fún un pé kó wà láàyè, kó sì pọ̀. Ohun kan náà, àyípadà kékeré, àṣẹ òdì kejì. Ẹni tó bá ti gbọ́ awọ àti àwọ̀ rí kò ní yà á lẹ́nu.

Báwo ló ṣe wá kan awọ? Sẹ́ẹ̀lì tó ń po àwọ̀ ara wa, melanocyte, kò bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ nínú awọ. Nígbà tí ọmọ ṣì wà nínú oyún, etí ibi tí ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn ti ń ṣẹ̀dá ni ó ti gbéra, tó sì rin ìrìn àjò lọ sínú awọ. Ìbátan ọpọlọ ni. Nínú awọ ó máa ń dúró ní ìpele tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ẹyọ kan láàárín nǹkan bí sẹ́ẹ̀lì mẹ́wàá mìíràn, ó sì máa ń na apá jáde láti pín mẹ́lánììnì fún àwọn aládùúgbò rẹ̀. Iye rẹ̀ nínú awọ ènìyàn dúdú àti ti òyìnbó kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe ló yàtọ̀.

Láàárín 2001 sí 2003, àwọn olùwádìí kan ní Korea, Dong-Seok Kim àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, da àwọn ọ̀rá Thudichum sórí àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí nínú abọ́ ìwádìí. Ceramide pa púrótéènì Akt, tó ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó máa dàgbà, lẹ́nu mọ́. Sẹ́ẹ̀lì dín pípọ̀ kù, mẹ́lánììnì náà sì dín. Ìyẹn kò ṣòro láti lóye. Nígbà tí wọ́n wá lo sphingosine-1-phosphate, sẹ́ẹ̀lì melanocyte túbọ̀ wà láàyè níbi tó yẹ kó ti kú, bí a ṣe retí. Ṣùgbọ́n mẹ́lánììnì dín níbẹ̀ náà! Wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rá náà ń jí púrótéènì kan tó ń jẹ́ ERK, ERK náà kò sì tètè sùn padà. Ó ń bá a lọ títí tí sẹ́ẹ̀lì fi ba MITF jẹ́, ọ̀gá tó ń pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń po mẹ́lánììnì. Sẹ́ẹ̀lì wà láàyè, ara rẹ̀ le, ṣùgbọ́n kò po àwọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Àlọ́ ni, lóòótọ́. Ọ̀nà méjì tó kọjú síra wọn lórí ìdàgbà, wọ́n pàdé lórí àwọ̀.

Mo padà lọ bá ọ̀rẹ́ mi pẹ̀lú ìdáhùn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó ti gbàgbé pé òun bi mí ní nǹkan kan. Nígbà tí mo dé ibi tí ceramide ti ń dín mẹ́lánììnì kù, ojú rẹ̀ tàn, ó ní ṣebí òun mọ̀ pé ó máa jẹ́ kí òun pupa díẹ̀. Ọkàn mi bàjẹ́ sí ìyẹn ju bí mo ṣe rò lọ, torí mo mọ ohun tí ó ti lò ṣáájú èyí, mo sì mọ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un pé inú abọ́ ni wọ́n ti ṣe ìyẹn, orí sẹ́ẹ̀lì tó wà ní ìhòòhò, tí kò sí nǹkan kan láàárín òun àti ọ̀rá náà. Ceramide inú ìpara, ìpele òkè pátápátá ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, níbi tí gbogbo sẹ́ẹ̀lì ti kú. Níbẹ̀, ceramide jẹ́ nǹkan bí ìdajì ọ̀rá tó dí àárín wọn, bí amọ̀ láàárín bíríkì, kí omi ara má baà gbẹ. Ìyẹn ni wọ́n ṣe fi sínú ìpara. Kì í bó ènìyàn.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wo ike náà, ó béèrè pé kí ni òun wá ná gbogbo owó yẹn sí nígbà náà. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti sán gan-an láti oṣù kejìlá. Ibẹ̀ ló ń fi ìpara náà pa báyìí ní alaalẹ́ kó tó wọ ìbọ̀sẹ̀, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí tán.